Àwọ̀ Inú Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Ikùn

Bí ènìyàn bá jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán ní Ìtòrì, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kì í pẹ́ tí yóò fi rí i pé oríṣiríṣi àwọ̀ ni ó wà níwájú òun. Láfún wà nínú àwo, ó funfun; ewédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yọ̀; ọbẹ̀ ata wà lórí ewédú, epo pupa sì léfòó lórí ọbẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìnáwó, ife sóbò tí ó pọ́n dòdò kì í jìnnà síbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ti wọ ilé-ìwé ni àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọ pé ewé àti èso tí ó ní àwọ̀ ni ó ń ṣe ara lóore: ẹ̀fọ́ fún ẹ̀jẹ̀, epo pupa fún ojú. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí ó wà nínú àwo kọ́ ni ara ń lò, bí kò ṣe ohun tí ikùn bá rí gbà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàrin méjèèjì pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ewéko kò torí ènìyàn ní àwọ̀. Oòrùn tí ewé fi ń pèsè oúnjẹ ara rẹ̀ náà ni ó lè ba ewé ọ̀hún jẹ́ bí ó bá mú jù, ọ̀kan nínú iṣẹ́ àwọn èròjà aláwọ̀ wọ̀nyí sì ni láti dáàbò bo ewé lọ́wọ́ ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, tí kò sí ẹni tí ó lè wà láàyè láìsí i, òun náà ni ó ń mú kí irin ní ìpáàrà, tí ó sì ń mú kí epo tí ó pẹ́ nínú agbè yí òórùn padà. Irú ìbàjẹ́ kan tí ó jọ èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn pẹ̀lú. Èròjà tí ó bá lè dènà rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní antioxidant. Ẹni tí ó bá pè é ní adènà-ìpáàrà kò jìnnà sí òótọ́. Kárótìn inú epo pupa wà lára wọn, àwọ̀ pupa inú sóbò náà sì wà lára wọn.

Níbi tí àṣìṣe ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé inú ìgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọn agbára àwọn èròjà náà. Wọn a fún omi èso sínú ìgò, wọn a fi èròjà amúbàjẹ́ kan sí i, wọn a sì wo bí ó ti lè dènà rẹ̀ tó. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti mú nọ́ńbà, tí wọ́n ń kọ ọ́ sára ọjà wọn. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ yọ àkójọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ohun tí ó ń gbé jáde fún aráyé. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ènìyàn ń fi nọ́ńbà náà tan ara wọn jẹ, àti pé kò sí ẹ̀rí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ikùn kì í ṣe ìgò. Ó ní omi kíkan, ó ní òróòro, ó ní àìmọye kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìfun, gbogbo wọn ni ó sì ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí àwọ̀.

Kárótìn ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀ràn rẹ̀ kan ojú ọmọdé. Òun ni ó fún epo pupa ní àwọ̀: kílò kan epo tí iná kò tíì bà jẹ́ ní nǹkan bí 500 sí 700 mílígíráàmù rẹ̀ nínú. Ó wà nínú ìbẹ́pẹ pípọ́n, nínú máńgòrò àti kárọ́ọ̀tì. Ó sì wà nínú gbogbo ẹ̀fọ́ tútù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ewé ti bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ara máa ń sọ kárótìn di fítámì A. Ọmọ tí fítámì yìí bá wọ́n nínú ara rẹ̀ kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí ó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyinjú rẹ̀ a gbẹ, ó sì lè fọ́ pátápátá. Àìsàn bíi èèyi a sì máa tètè borí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin ọdún 2001 sí 2003, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni fítámì A kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní orílẹ̀-èdè tí ó kún fún ọ̀pẹ àti ẹ̀fọ́, nọ́ńbà yìí yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi omi lásán fọ àwo ọbẹ̀ rí mọ̀ pé epo kì í gbọ́ ti omi. Ọṣẹ ni ó ń là wọ́n níjà. Kárótìn kò lè yòrò nínú omi, inú ọ̀rá nìkan ni ó ti ń yòrò, inú ìfun ènìyàn sì kún fún omi. Iṣẹ́ ọṣẹ ni òróòro ń ṣe níbẹ̀. Eyín a kọ́kọ́ rún oúnjẹ, àpòlúkù a fi omi kíkan pò ó, kárótìn a sì bọ́ sínú ọ̀rá tí ó wà nínú oúnjẹ náà. Nígbà tí ó bá dé ìfun kékeré, òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè a tú jáde, a sì fọ́ ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi kéré tó ohun tí ara ìfun lè fà mu. Inú ara ìfun níbẹ̀ ni wọ́n ti ń la kárótìn sí méjì kí ó tó di fítámì A. Ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń tọ́jú èyí tí ó bá ṣẹ́kù pa mọ́ di ọjọ́ mìíràn. Bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ, òróòro kì í tú jáde bí ó ti yẹ, kárótìn kò sì ní rí ohun tí yóò gùn wọlé. Yóò bá ìgbẹ́ jáde ni.

Wọ́n dán èyí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ewé tútù, kárọ́ọ̀tì àti tòmátò láìsí ọ̀rá kankan nínú rẹ̀. Kárótìn tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn náà kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n fi òróró sí i, ó gòkè. Kì í sì í ṣe epo púpọ̀ ni ara ń béèrè: ìwọ̀n ṣíbí tíì kan nínú oúnjẹ ẹnì kan tó láti ṣe iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi hàn ní kíláàsì lè rin kárọ́ọ̀tì, kí ó pín in sí inú ife méjì, kí ó da omi sí ọ̀kan, kí ó sì da òróró ẹ̀pà sí èkejì. Òróró ni yóò pọ́n jù. Àwọn ìyá ti mọ èyí tipẹ́ láìlọ sí kíláàsì: òróró ẹ̀pà tí ó wọ inú ọbẹ̀ ata bí omi a máa léfòó ní pupa bí ata bá ti jiná.

Epo pupa wá borí gbogbo wọn ní ti èyí, nítorí inú ọ̀rá ni kárótìn rẹ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Bí wọ́n bá gbé epo kaná títí pupa rẹ̀ fi ṣí, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọbẹ̀ ayamáṣe, kárótìn ni ó jóná yẹn. Àwọ̀ tí ó lọ, òun gan-an ni ohun tí ojú ń fẹ́. Ọbẹ̀ náà dùn, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ará Ìkẹ́nnẹ́ má sè é mọ́. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ni pé kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń sè nítorí fítámì A.

Ọ̀ràn ẹ̀fọ́ ni ó fa àríyànjiyàn jù lọ. Láti 1967 ni àwọn àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ìlera àti oúnjẹ ti ń ṣírò pé ìwọ̀n kárótìn 6 láti inú oúnjẹ yóò di ìwọ̀n fítámì A 1. Lórí ìṣirò yìí, ẹ̀fọ́ díẹ̀ lóòjọ́ ti tó ọmọdé. Ní 1995 ni àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Họ́láńdì àti Indonesia wá kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, Lancet, pé àwọn fi ẹ̀fọ́ dúdú bọ́ àwọn obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ìwọ̀ oòrùn Java fún ọ̀sẹ̀ 12, epo sì wà nínú ẹ̀fọ́ náà, síbẹ̀ fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbérí. Àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ bisikíìtì tí wọ́n fi ìwọ̀n kárótìn kan náà sí ni tiwọn gòkè. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ènìyàn má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́, ọ̀pọ̀ ni kò sì gbà á.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ewé fúnra rẹ̀. Nínú ewé, kárótìn kò wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà nínú àpò tíntìn-tíntìn tí ewé fi ń gba oòrùn, wọ́n sì so ó mọ́ èròjà amúaradàgbà níbẹ̀. Ara àpò náà le, eyín kì í fọ́ gbogbo rẹ̀, omi kíkan inú àpòlúkù kì í sì í ráyè tú gbogbo ìdè náà kí oúnjẹ tó kọjá lọ. Ní 2001, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà tún ìṣirò náà ṣe: ìwọ̀n kárótìn 12 láti inú oúnjẹ ni yóò di fítámì A 1, ṣùgbọ́n 2 péré ni bí kárótìn náà bá ti wà nínú epo.

Síbẹ̀ ẹ̀fọ́ kò jẹ̀bi tó bí àwọn kan ti fẹ́ kí ó jẹ̀bi. Ní 2004, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti Bangladesh. Ewé tí wọ́n lò níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá rárá: amúnútutù ni. Wọ́n sè é, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì fi bọ́ àwọn ọkùnrin fún ọgọ́ta ọjọ́. Fítámì A tí ẹ̀dọ̀ wọn tọ́jú pọ̀ sí i. Ìṣirò wọn sì jẹ́ bí 10 sí 1. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ohun tí ó hàn gbangba ni pé wọ́n ti fọ́ ewé náà kí ó tó dé ẹnu. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ti ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú nínú ìkòkò, tí kò ní sinmi títí ewé yóò fi di ọ̀kan, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilé ìdáná Yorùbá. Bíbọ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú, kí wọ́n sì fún omi rẹ̀ dànù, kì í kó kárótìn lọ, nítorí kì í bá omi lọ. Fítámì C ni ó ń bá omi náà lọ. Ní ti àwọ̀ ewé gan-an, omi kíkan inú àpòlúkù máa ń yọ èròjà magnésíọ̀mù kúrò nínú rẹ̀, àwọ̀ náà a sì ràn bí ti ẹ̀fọ́ tí ó pẹ́ jù lórí iná. Díẹ̀ ni ó ń wọ inú ara nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kan àgbẹ̀ Ewékorò gbọ̀ngbọ̀n nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gẹ́. Ní ọdún 2011, ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn àti ilé ìwádìí irúgbìn abẹ́ ilẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Umudike gbé oríṣi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta jáde tí inú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin adìẹ, nítorí kárótìn tí ó wà nínú wọn. Èrò wọn dára: bí ará ilé kò bá lè yí oúnjẹ rẹ̀ padà, kí oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ti ń ṣe ẹ̀gẹ́ ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2007, ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ tí wọ́n sá sí oòrùn pàdánù ju ìdajì kárótìn rẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n sá sí ibòji dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sí. Gàrí tí wọ́n ti rin, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì yan kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìṣòro láfún nìyí. Orí àpáta àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nínú oòrùn gangan, ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń sá láfún láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ó ń gbẹ ẹ́ ni ó sì ń jẹ àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀gẹ́ pípọ́n ṣe láfún, tí ó sì bọ́ sí funfun, ti san owó ohun tí kò jẹ.

Ibi tí ikùn ti gbè ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ni pé kárótìn inú rẹ̀ kò ní ìdè bíi ti ewé. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi irú ẹ̀gẹ́ yìí ṣe bọ́ àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n kárótìn tí ó di fítámì A 1 jẹ́ nǹkan bí 4. Ìyẹn nìkan ni pé kárótìn díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ lè wúlò ju púpọ̀ nínú ewé lọ. Ní Kenya, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2016, àti ní Nàìjíríà níbí, nínú èyí tí ó jáde ní 2021 lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ gòkè. Kò gòkè lọ títí. Ṣùgbọ́n ó gòkè.

Sóbò gba ọ̀nà mìíràn. Àwọ̀ tirẹ̀ ń yòrò nínú omi, kò bá epo rìn rárá, ohun tí ó sì ń dẹ́rù bà á kì í ṣe àìsí ọ̀rá. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú ohun tí ó kan, pupa rẹ̀ a dúró. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í bàjẹ́ nínú àpòlúkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá bọ́ sí ìfun kékeré, níbi tí kíkan ti tán, kò ní ibi ìsádi mọ́. Olùkọ́ lè fi èyí náà han ọmọ: kí ó bu omi sóbò tí kò ní ṣúgà sínú ife, kí ó sì fi omi kaun sí i díẹ̀díẹ̀. Pupa náà yóò di àwọ̀ àlùkò, yóò di bí aró, bí ó bá sì pẹ́ yóò ṣí. Bí ó bá tètè fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa yóò padà; bí ó bá pẹ́ jù, kò ní padà tán. Ìfun kò ní kíkan tí ó lè dá a padà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá àwọ̀ yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sóbò, díẹ̀ kíún ni wọ́n ń rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi gbà pé ìyókù ṣòfò. Ní 2013 ni wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn ọkùnrin mẹ́jọ gbé 500 mílígíráàmù irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ mì, èyí tí wọ́n ti fi àmì sí nínú kí wọ́n lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó kéré tán, nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wọ inú ara, tí ó sì gba inú ìtọ̀ àti èémí jáde. Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ mọ́. Ó ti fọ́ sí èròjà wẹ́wẹ́ mìíràn, tí kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ńlá lọ́wọ́ nínú fífọ́ rẹ̀, àwọn èròjà náà sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju àwọ̀ náà lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn wọ̀nyí ni ó ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2010, àwọn àgbàlagbà 65 ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tí wọ́n ń mu ife mẹ́ta omi òdòdó sóbò lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀jẹ̀ ríru wọn rọlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyẹn kò sọ sóbò di arọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún ẹni, ṣúgà tí àwọn tí ń tà á ń dà sí i náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Àwọn kan a wá béèrè pé bí ọ̀nà ikùn bá gùn tó báyìí, kí ló dé tí ènìyàn kò kúkú gbé kárótìn mì ní hóró oògùn? Finland dáhùn ìbéèrè yìí ní 1994. Àwọn ọkùnrin amusìgá tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì ń fún àwọn kan nínú wọn ní 20 mílígíráàmù kárótìn lóòjọ́ pẹ̀lú èrò pé yóò dènà àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àrùn náà fi 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàrin àwọn tí wọ́n ń gbà á. Ìdí tí ikùn fi ń gba kárótìn inú oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lè jẹ́ àǹfààní tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Bí fítámì A bá ti tó nínú ara, ìfun a dín èyí tí ó ń là sí méjì kù. Ẹni tí ó bá sì jẹ kárótìn inú oúnjẹ ní àjẹjù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò pọ́n, kò sì ní kú.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ìwé kì í fi kún ọ̀ràn yìí, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ikùn ọmọ gan-an: aràn. Aràn tí ó ń gbé ìfun kékeré ń gbé ojú ibi tí ara ti ń gba ọ̀rá, ó sì ń dí i lọ́wọ́. Ní Sumatra, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 1998, wọ́n pín àwọn ọmọ kékeré sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: àwọn kan gba oúnjẹ tí kárótìn pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá ọ̀dùnkún pípọ́n; àwọn kan gba ọ̀rá kún un; àwọn kan sì kọ́kọ́ lo oògùn aràn. Ọ̀wọ́ tí ó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà pọ̀ ni fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè jù lọ. Ọmọ ilé-ìwé ní Ìtòrì tí ó ń jẹ láfún àti ewédú lójoojúmọ́, tí aràn wà nínú rẹ̀, tí epo ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ṣíbí kan, lè máa jẹ àwọ̀ ní àjẹyó kí ojú rẹ̀ má sì ríran ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn aràn náà kò wọ́n, ṣíbí epo kan kò sì wọ́n, ìjábẹ̀ sì ti wà nílé.